Ta Ni Ó Ni Àgékù Aṣọ?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìsọ̀ aránṣọ nìkan ni mo mọ̀ tí òwe yìí kò ti fi bẹ́ẹ̀ rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Ọmọdé tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ fún oṣù mẹ́ta péré, àkísà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ju èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ kó jọ láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ lọ.

Ìsọ̀ tí mo ní lọ́kàn wà ní Òmù-Àrán, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. N kò ní dárúkọ obìnrin tó ni ín, ẹ̀yin náà yóò sì rí ìdí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ni. Ìró àti bùbá, kaba, aṣọ ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rán níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìgbà tí mo ń wí yìí. Lábẹ́ tábìlì tí ó fi ń gé aṣọ ni àpò ìrẹsì ńlá kan máa ń wà, ẹnu rẹ̀ yóò là sílẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń da àgékù sí. Àǹkárá, sátíìnì, léèsì, aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú aṣọ, gbogbo rẹ̀ yóò lọ́ mọ́ra wọn bí ẹ̀fọ́ tí a rò pọ̀. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àpò náà máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń dáná sun ún. Ẹni tó bá ti dúró ti irú iná bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ. Aṣọ òwú ń rùn bí ìwé tó ń jóná, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe, irú bíi sátíìnì olówó pọ́ọ́kú, yóò máa yọ́, yóò máa kán tótó bí àbẹ́là, èéfín rẹ̀ yóò sì máa ta ènìyàn lójú. Èyí tí wọn kò bá sun, gọ́tà ni ó ń bá lọ. Ti òwú yóò jẹrà níbẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ti ọ̀rá yóò jókòó síbẹ̀, yóò sì dí omi lọ́nà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ fi ojú mìíràn wo àpò yìí. Ó ti lo ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ó sì ń wá owó tí yóò fi ṣe firídọ̀mù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ègé tó bá gùn díẹ̀ nínú àpò, ó ń ki rọ́bà bọ inú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ìdè irun. Scrunchie ni àwọn òyìnbó ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Landmark, tó ti wà ní ìlú náà láti ọdún 2011, ń pè é, àwọn ni wọ́n sì ń rà á jù. Ìyá mi ń pè é ní ríbọ́ọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ríbọ́ọ̀nù kọ́. Rọ́bà irun aláṣọ ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: rọ́bà tí a wọ ẹ̀wù fún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé oge lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń rà ní ìdì-ìdì lọ́jà máa ń di irun mú bí okùn ṣe ń di igi ìdáná. Irun tiwa tó ká kò, tó sì máa ń tètè gbẹ, kì í yọ́ kúrò nínú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Jíjá ló ń já. Bí a bá sì ń fà á mọ́ ojú kan náà lójoojúmọ́, irun ẹ̀gbẹ́ etí àti ti iwájú orí ni yóò kọ́kọ́ dágbére. Àwọn dókítà awọ ara mọ àìsàn yìí dáadáa. Ìrora ni àmì rẹ̀ àkọ́kọ́, àti róro kéékèèké ní ìdí irun, lẹ́yìn náà ni irun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Bí a bá tètè tú orí sílẹ̀, irun náà lè hù padà. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, ìdí irun yóò di àpá, kò sì sí ìpara kan lọ́jà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀, tó lè mú kí irun gba inú àpá hù.

Aṣọ tó bo rọ́bà kì í jẹ́ kí rọ́bà fúnra rẹ̀ kan irun, ó sì ń pín agbára ìdè náà ká ibi tó fẹ̀. Kì í ṣe oògùn o. Ẹni tó bá fi rọ́bà aláṣọ fa irun títí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi gòkè, irun yóò já sí i lọ́wọ́ bákan náà.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Rommy Revson, tó máa ń kọrin ní ilé fàájì alẹ́, ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1987. Ó ń wá ìdè irun tí yóò rọ̀ ju àwọn onírin ayé ìgbà náà lọ. Ó wo bí rọ́bà ṣe wà nínú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì rán irú rẹ̀ fún irun. Orúkọ ajá rẹ̀ ni ó fi pe ohun náà. Ó kú ní ọdún 2022. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, pàápàá ti ìbàdí ṣòkòtò, nítorí kò sí aránṣọ kan nílẹ̀ wa tí kò mọ bí a ṣe ń ki rọ́bà bọ ìbàdí. Iṣẹ́ tí Revson fi gba ìwé àṣẹ, ọmọ iṣẹ́ oṣù kẹfà ní Òmù-Àrán lè di ojú ṣe é. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé iṣẹ́ ni.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ irun ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò yẹ kí a kọjá ní Ẹ̀sìẹ́ láì yà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà ni òun àti Òmù-Àrán wà. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, ọdún 1945 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 800. Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, tó ń bojú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ni ó fi ọ̀rọ̀ wọn tó àwọn òyìnbó létí ní 1933, ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta.

Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, kí ó wo orí wọn. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n pe òun sí ọ̀rọ̀. Àwọn tó gbẹ́ wọn fi sùúrù gbẹ́ irun: òmíràn ga sókè ṣóńṣó, òmíràn ní ìlà-ìlà bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ọ̀pọ̀ orí ti já kúrò lọ́rùn, apá ti kán, imú ti ṣí, síbẹ̀ irun kò tú. Mo dúró níwájú ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, mo ń wá ibi tí ohun tó so irun náà wà. N kò rí i. Bóyá agbẹ́gilére ìgbà náà, tàbí kí n sọ pé agbẹ́kùúta, ka okùn ìdirun sí ohun tí kò yẹ kí ojú àlejò rí. Ayé ti yí padà sí ìyẹn: okùn gan-an ti di ọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe ń rán an, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní ẹ̀rọ nílé tí ó ń ko eruku.

Ègé aṣọ kan tó gùn tó íǹṣì 20, tó sì fẹ̀ tó íǹṣì 4, ni a nílò. Bí kò bá sí èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ so méjì pọ̀. Ẹni tó ń wo irun kò ní rí ojú ìsopọ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ni ó dára jù. Íǹṣì 7 ni ọ̀pọ̀ ń gé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n irun fífẹ́lẹ́ nìyẹn. Fún irun tiwa tó ki, tàbí irun dídì tó pọ̀, ẹ gé íǹṣì 9, kí orí lè sinmi. Bí àǹkárá bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì inú rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ ká aṣọ náà sí méjì ní òró rẹ̀, kí ojú rẹ̀ wà nínú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ tó ṣí láti òkè délẹ̀. Ó ti di ọ̀pá aṣọ nìyẹn. Ẹ fi píìnì há ẹnu rẹ̀ kan, kí ẹ ti píìnì náà gba inú ọ̀pá kọjá títí ojú aṣọ yóò fi bọ́ síta.

Ẹ fi píìnì kan náà fa rọ́bà gba inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọn a ta rọ́bà ní kókó. Kókó máa ń tú, bí kò bá sì tú, yóò máa gún ènìyàn ní ìpàkọ́ bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ fi orí rọ́bà méjèèjì gun ara wọn ní ìwọ̀n ààbọ̀ íǹṣì, kí ẹ rán an lọ rán an bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ etí ẹnu ọ̀pá aṣọ kan sínú, kí ẹ ki ẹnu kejì bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì rán an pa. Aṣọ yóò fúnra rẹ̀ sún jọ, yóò ṣe wínníwínní. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀. Kí ó ṣáà máa dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó tún lọ síwájú, kí òwú náà má baà tú nígbà tí rọ́bà bá nà.

Ní ti irú aṣọ, sátíìnì ni irun fẹ́ràn jù nítorí kì í fa omi ara irun, kì í sì í ha á. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń yọ̀ kúrò. Àǹkárá di irun mú jù ú lọ, ó sì lágbára. Léèsì kò dára: ihò rẹ̀ máa ń kọ́ irun. Aṣọ òkè nípọn jù, kì í sún jọ, bí ẹní ká sórí ni ó máa ń rí. Ẹ rẹ àdìrẹ sínú omi, kí ẹ máa da omi náà nù títí yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrọ̀rí yín yóò gba àwọ̀ aró. Àrán sì dára púpọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín pé Òmù-Àrán ni mo ti ń sọ ti àrán. N kò fi ṣe ìtàn orúkọ ìlú, orí aṣọ ni mo wà. Àti pé ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nítorí òróró irun àti òógùn kò mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìsọ̀ náà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Mo wà níbẹ̀ láti gba bùbá tí mo fún wọn tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, rọ́bà aláṣọ àǹkárá aláwọ̀ elése àlùkò tó ní òdòdó funfun sì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ìyá kan wọlé, oníbàárà ìsọ̀ náà láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó kí wa, a kí i. Ó jókòó lẹ́yìn ọmọ náà. Kò pẹ́ tí ó fi dákẹ́ lójijì nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, níbo lo ti rí aṣọ tó wà lórí ẹ yẹn?”

“Níbí ni mo ti rà á, mà.”

“Èló?”

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mà.”

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Ìyá náà kọjú sí aránṣọ.

“O ta aṣọ tí mo fi sin ìyá mi ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.”

Aṣọ ẹbí ni. Ìyá náà àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ yan án, ìsọ̀ náà ni wọ́n sì ti rán an fún gbogbo ọmọ olóògbé. Aránṣọ náà kúnlẹ̀.

“Mọ̀mí, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mo bi yín nígbà náà. Mo ní kí ni ká ṣe sí ìyókù, ẹ ní kí n kó o dànù.”

“Mo ní kí o kó o dànù. N kò ní kí o tà á.”

Mo ti ń ro gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó fẹ́ yọ rọ́bà náà, ìyá náà sì ní, “Má tú irun ẹ. Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí.” Ọmọ iṣẹ́ tó rán an wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. Ìyá náà gba aṣọ tó wá gbà, ó san owó rẹ̀ pé, ó sì jáde. Ì bá sàn kó pariwo.

Lẹ́yìn tó lọ, ọ̀gá ní òun kò fẹ́ rí rọ́bà irun ní ìsọ̀ òun mọ́ láéláé. Ọmọ iṣẹ́ náà kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tó ti kó jọ, nítorí èmi ni ó máa ń bá ṣírò rẹ̀: owó firídọ̀mù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, láti inú àpò tí wọ́n ń dáná sun tẹ́lẹ̀.

Ta ni ó ni àgékù? Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ojú kékeré wo ìbéèrè náà. Gbogbo wa la mọ ẹjọ́ tí oníbàárà máa ń rò: a ra aṣọ ọ̀pá mẹ́fà, aránṣọ ní kò kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà a rí ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní yídì, aṣọ wa lọ́rùn rẹ̀. A sì mọ ẹjọ́ aránṣọ: owó iṣẹ́ kò tó nǹkan, oníbàárà ń ná an bí ẹni ń ná tòmátì, iná mànàmáná kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ ń gòkè, ta ni yóò wá fi ègé aṣọ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ pe ẹjọ́? Kì í ṣe aránṣọ nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó bá lọ lọ ata mọ̀ pé ata ń kù nínú ẹ̀rọ; àwọn kan a da omi sí i kí wọ́n lè gba tiwọn pé, àwọn mìíràn a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kàn.

Èrò tèmi rèé, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn kí ó kọ̀wé sí wa. Èyí tó bá gùn tó apá, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti oníbàárà ni, kódà bí kò bá béèrè. Èyí tó bá jẹ́ wínníwínní, ti ẹni tó ń gbálẹ̀ ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé íǹṣì 20 sí íǹṣì 4, ìwọ̀n rọ́bà irun gan-an, bọ́ sí àárín méjèèjì. Ó tóbi ju ohun tí à ń gbá lọ, ó kéré sí ohun tí à ń bèèrè. Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì di owó, kò sí ẹni tó bìkítà. Ọjọ́ tó di owó ni ó di ti ẹnìkan.

Ti aṣọ òkú sì tún yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí egúngún ti gbilẹ̀ gan-an, ènìyàn kò lè sọ pé ègé aṣọ kò já mọ́ nǹkan. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: ègé lórí ègé ni, àrán, dàmáásìkì, àǹkárá, tí wọ́n rán mọ́ra, tí wọ́n gé etí òmíràn bí eyín ayùn. Ọmọ ilé àti ìyàwó ilé ló ń mú aṣọ wá. Wọn kì í tú ti àtijọ́ dànù. Tuntun ni wọ́n ń rán lé e, títí ẹ̀kú yóò fi wúwo. Bí egúngún bá ń pòòyì, tí àwọn ègé náà fò sókè, àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ kí atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ sí àwọn, nítorí ìre ni wọ́n gbà pé ó wà nínú rẹ̀. N kò sọ pé ìyá yẹn ń ro egúngún ní ọjọ́ Sátidé náà. Kristẹni ni, mo sì mọ̀ ọ́n sí ìjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀, láì jẹ́ pé ẹnìkan kọ́ ọ, pé ègé aṣọ lè gbé orúkọ ènìyàn lọ́wọ́. Kí a sun ún, ó lè fara mọ́ ọn. Ó ti parí nìyẹn. Kí àlejò máa fi dirun lọ sí kíláàsì, tí kò mọ ẹni tó kú, òun ni ó dùn ún.

Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀, ìyá náà padà wá. Ó béèrè bóyá èyí kankan kù nínú aṣọ náà. Ọmọ iṣẹ́ mú mẹ́rin jáde láti inú àpótí rẹ̀, wọ́n ti di rọ́bà irun, kò tíì tà wọ́n. Ìyá náà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó na rọ́bà wọn, ó wo ojú ìránṣọ wọn. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Ó ní òun ní ọmọ-ọmọ obìnrin mẹ́ta, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ ọmọ àbúrò òun, tí wọ́n wà ní Ìlọrin àti Èkó. Ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ọ̀gá ní kò ní gbà á. Ìyá náà ní, “Ìwọ kọ́ ni mo fún,” ó sì na owó náà sí ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀gá kò mẹ́nu kan òfin tó ṣe ní Sátidé náà mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó ra ìwé ogójì ewé kan, ó fi okùn so bírò mọ́ ọn. Bí ó bá ti ń wọn ènìyàn tán, yóò bi í: ṣé ẹ ó gba ìyókù, ṣé ká sun ún, àbí ká lò ó? Ohun tí oníbàárà bá wí ni yóò kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n lò ó yóò rí rọ́bà irun kan nínú nylon nígbà tó bá wá gba aṣọ rẹ̀. Mo wo inú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ló ní kí wọ́n lò ó. Àwọn tó ní kí wọ́n sun ún kò pọ̀, ọ̀gá kì í sì í bi wọ́n ní ìdí.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dá tirẹ̀ padà. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ láti gba owó rẹ̀. Wọ́n fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ jígí, kí ìyá náà lè rí i bó bá tún wá. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ó wo ara rẹ̀ nínú jígí náà ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní Mọ́ńdè tó kọjá, ó ṣì wà lára ìṣó.